Aláìsàn Tí Ìrora Rẹ̀ Jẹ́ Òdo

Omi gbígbóná dà sí Akọ̀wé lọ́wọ́ ní àárọ̀ Ọjọ́rú kan, kò sì mọ̀. Ọmọ rẹ̀ ló sọ fún un. Ó ń bu omi tíì, ojú rẹ̀ wà lójú fèrèsé, ife ti kún, omi ń ṣàn gba orí ìka rẹ̀ bọ́ sórí tábìlì, òun sì dúró gbagidi.

"Màmá, ọwọ́ yín."

Ó wo ọwọ́ náà. Ó ti pọ́n, ibì kan sì ti ń wú lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtàǹpàkò. Ó gbé kẹ́tùlù kalẹ̀, ó nu tábìlì, ó ní kí ọmọ jẹun kíá kí bọ́ọ̀sì iléèwé má baà fi í sílẹ̀. Ó ń retí kí ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Kò ta á títí wọ́n fi jáde nílé.

Akọ̀wé ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, orúkọ yẹn sì mọ́ ọn lára débi pé ọkọ rẹ̀ pàápàá ń pè é bẹ́ẹ̀ nílé kó tó kú. Ilé ìwòsàn eyín ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà, òun ló ń fún aláìsàn ní fọ́ọ̀mù, òun náà ló ń pè wọ́n wọlé bó bá kàn wọ́n. Oṣù márùn-ún ṣáájú àárọ̀ Ọjọ́rú yìí, ọkọ rẹ̀ dùbúlẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi kan pé kí òun fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀, kò jí mọ́. Ẹkún tí obìnrin yìí sun lẹ́yìn ìgbà náà, ká ní omi ẹ̀rọ ni, àwọn elómi ì bá ti wá gé e. Á sun ún láàárín aláìsàn méjì, á nu ojú, á pe ẹni tó kàn. Bó bá délé nírọ̀lẹ́, òun àti ọmọ á jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á sun ún pọ̀ tẹ́rùn, kí wọ́n tó wá dìde lọ dáná.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni ọmọ náà. Aláròyé ni bàbá rẹ̀ sọ ọ́, nítorí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Bó bá ń sunkún pàápàá, yóò máa rò ó lọ ni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọwọ́ Akọ̀wé, ọjọ́ méjì ṣáájú ló ti bẹ̀rẹ̀, nínú yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn, níbi tí àwòrán egungun àgbọ̀n àwọn èèyàn wà lára ògiri. Ìkànnì tí àwọn aláìsàn fi ń gba ọjọ́ tí wọn yóò rí dókítà ti tó ogún ọdún. PHP, ọ̀kan nínú àwọn èdè tí wọ́n fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, ni wọ́n fi kọ ọ́. Bàbá arúgbó kan tí gbogbo wọn ń pè ní Bàbá Kọ̀ǹpútà ló kọ ọ́, ojú bàbá náà sì ti ń ṣú. Ìka tó bá tọ́ sí imú la fi ń ro imú. Dókítà tó ni ilé ìwòsàn wo ọ̀tún wo òsì, ó ní Akọ̀wé tó mọ gbogbo aláìsàn lórí ni kó lọ kọ́ iṣẹ́ náà lọ́wọ́ bàbá. Láti aago méjì ọ̀sán, nígbà tí èrò bá ti fà, ni wọ́n máa ń jókòó tì í.

Bàbá mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ èèyàn. "Ṣé o mọ fọ́ọ̀mù tó ò ń fún wọn lẹ́nu ọ̀nà?" ló wí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. "Orúkọ, ọjọ́ orí, ìrora láti òdo dé mẹ́wàá. Èyí tí ẹnikẹ́ni ò tíì kọ nǹkan sí, òun là ń pè ní kíláàsì. Tí ẹnì kan bá ti kọ tirẹ̀ sí i, ó di ọ́bújẹ́ẹ̀tì. Fọ́ọ̀mù kan ṣoṣo lo yà, àmọ́ ẹgbẹ̀rún èèyàn lè tinú ẹ̀ jáde."

"Ó yé mi, sà."

"Lágbájá ni kó o máa fi dánra wò o. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe é, mi ò kọ orúkọ alààyè síbẹ̀ rí."

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni Akọ̀wé fi ń dá Lágbájá, tó ń yí ọjọ́ orí rẹ̀ padà, tó ń fún un ní eyín tó ń ro ó, tó tún ń wò ó sàn. Inú rẹ̀ máa ń dùn díẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sán Ọjọ́ Ajé, bàbá ní àwọn yóò kọ́ bí a ṣe ń ṣe ẹ̀dà.

"Bí o bá fẹ́ dán nǹkan wò lára èèyàn, má fọwọ́ kan òun gan-an. Fi í sínú orúkọ mìíràn, ẹ̀dà ẹ̀ nìyẹn. Ohunkóhun tó o bá fojú ẹ̀dà rí, kò kan ẹni tó ni ara."

Ó dìde, ó ní òun ń lọ mu omi. Akọ̀wé nìkan ló kù nínú yàrá. Ẹkún ti gbé e lọ́nà lọ́jọ́ yẹn, orí ṣì ń fọ́ ọ. Ó nu orúkọ Lágbájá kúrò, ó kọ tara rẹ̀ síbẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógójì. Ìrora, mẹ́wàá. Ó fi ara rẹ̀ sínú orúkọ mìíràn tó pè ní Ẹnìkejì, ó sì sọ ìrora Ẹnìkejì di òdo. Kò ní èrò ibi kankan lọ́kàn. Ó kàn fẹ́ rí bí yóò ṣe rí lójú ìwé, kí orúkọ òun wà níbì kan kí òdo sì wà lábẹ́ rẹ̀.

Ìlà méjì jáde. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ òdo. Ti èkejì jẹ́ òdo.

Bàbá padà wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ síwájú kọ̀ǹpútà, ó gbé ojú sún mọ́ ìlà méjèèjì. "Orúkọ ta lo kọ síbẹ̀?"

"Tèmi ni, sà."

Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ń fi etí aṣọ nù ún. "Nígbà tí mo kọ́ iṣẹ́ yìí, ẹ̀dà ló máa ń jẹ́," ló sọ jẹ́jẹ́. "Wọ́n ti yí i padà. Ní báyìí orúkọ méjì ni, èèyàn kan ṣoṣo ni. Ọ̀rọ̀ mìíràn wà téèyàn gbọ́dọ̀ kọ kó tó di ẹ̀dà lóòótọ́. Mo gbàgbé ni. Pa á rẹ́, ọmọ mi."

Omi tuntun ti rú, ẹja tuntun ti wọ̀ ọ́, Bàbá Kọ̀ǹpútà ṣì ń fi àwọ̀n àtijọ́ pẹja. Akọ̀wé pa á rẹ́. Nígbà tó ń lọ sílé, ó kọjá níbi tí òun àti ọkọ rẹ̀ ti máa ń pàdé lẹ́yìn iṣẹ́, ó sì ti rìn dé ìsàlẹ̀ àdúgbò kó tó rántí pé ibẹ̀ ló kọjá.

Láti ọ̀sán yẹn, Akọ̀wé ò sunkún mọ́, àwọn ará ibi iṣẹ́ sì kọ́kọ́ yọ̀ fún un. Dókítà gbá a léjìká, ó ní òun dúpẹ́ pé ara ti ń balẹ̀. Òun náà rò pé ìtùnú ni. Kò gbóná, kò tutù. Ó ń jẹun, ó ń sùn, ó ń pe aláìsàn wọlé. Omi gbígbóná Ọjọ́rú ló kọ́kọ́ jẹ́ kó dúró ronú, bẹ́ẹ̀ èrò náà kò dẹ́rù bà á, ó sì pa á tì.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ó dé láti ibi iṣẹ́ bá Aláròyé lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọmọ ti ń sunkún, ó ti sún kúrò láàárín kí ìyá rẹ̀ lè ráyè jókòó. Akọ̀wé dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, àpò ṣì wà léjìká rẹ̀.

"Nu ojú ẹ, ká lọ jẹun."

"Ẹ ò sunkún Dádì mọ́?"

"Ẹkún ti tán."

Ọmọ fi ọwọ́ nu ojú. "Témi náà bá kú ńkọ́? Ṣé ẹ máa sunkún mi?"

Akọ̀wé wá ìdáhùn nínú ara rẹ̀. Ibẹ̀ mọ́ tónítóní bí yàrá tí ayálégbé ti kó kúrò nínú rẹ̀. Ó mọ ohun tó yẹ kí ìyá sọ, ó sì sọ ọ́. "Bẹ́ẹ̀ ni," ló wí, ohùn tó fi ń dá àwọn tó ń pe ilé ìwòsàn lórí fóònù lóhùn ló sì jáde lẹ́nu rẹ̀. Láti ìgbà náà ni Aláròyé ti dákẹ́. Ó ń jẹ oúnjẹ rẹ̀ láìsọ̀rọ̀, ó ń wọ bàtà rẹ̀ láìsọ̀rọ̀, bí wọ́n bá sì jọ wà nínú yàrá kan, yóò wá ọgbọ́n bọ́ sí ìta.

Kò dun Akọ̀wé. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ó yẹ kó dun òun, ó mọ̀ ọ́n bí èèyàn ṣe ń mọ ìṣirò. Ọmọ yìí ti sin bàbá. Kò yẹ kó tún sin ìyá tó ń rìn kiri nínú ilé.

Nítorí náà, lọ́sàn-án Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ó rò ó fún Bàbá Kọ̀ǹpútà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bàbá ò rẹ́rìn-ín, kò sì ní kó lọ sinmi. Ó fa àga sún mọ́ ọn.

"Kọ mẹ́wàá padà síbẹ̀."

Ó kọ ọ́. Ojú ìwé jáde, òdo ló wà níbẹ̀. Wọ́n pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, wọ́n tún un kọ láti ìlà àkọ́kọ́, láìsí Ẹnìkejì, láìsí òdo kankan níbì kan. Òdo ló jáde. Wọ́n fi Lágbájá dán an wò, mẹ́wàá Lágbájá jáde bó ṣe yẹ. Wọ́n dá orúkọ Akọ̀wé padà, òdo.

"Kò yẹ kó rí báyìí," ni bàbá wí. "Bí ojú ìwé bá ti jáde tán, gbogbo ẹni tó wà nínú ẹ̀ ti parẹ́. Kò sí ibi tí òdo yẹn ń gbé."

"Ó ń gbé ibì kan, sà."

Bàbá wò ó lójú, ó sì yára gbé ojú kúrò. Ó ní kó máa lọ sílé, kó jẹ́ kí òun lọ ronú sí i. Òun ló kọ́kọ́ jáde, ó ń fọwọ́ wá ògiri bó ṣe ń lọ.

Akọ̀wé ò kúrò lórí àga. Ó ro ọ̀rọ̀ náà bí ẹni tó ti fi ọdún mọ́kànlá jókòó lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Bí aláìsàn bá kọ ìkọkúkọ sí fọ́ọ̀mù, a kì í ha á, a kì í kọ òmíràn lé e lórí. Fọ́ọ̀mù tuntun la máa ń mú fún un, a ó sì kọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò sí ẹni tó ń béèrè ibi tí fọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ wọlé sí.

Ó kọ ọ̀rọ̀ tó ń dá èèyàn tuntun. Ó fi orúkọ ara rẹ̀ sí i, ó fi ọdún mọ́kàndínlógójì sí i, ó fi mẹ́wàá sí i. Nítorí pé kì í ṣe iṣẹ́ ààbọ̀, ó fẹ fọ́ọ̀mù náà lójú, ó fi àdírẹ́sì ilé rẹ̀ kún un, ó sì kọ síbẹ̀ pé ó bí ọmọ kan, pé Aláròyé ni wọ́n ń pe ọmọ náà. Ó tẹ̀ ẹ́.

Mẹ́wàá ló jáde.

Ó ká ọwọ́ gbera, ó ń retí kó wọlé sí òun lára. Aago ara ògiri ń lọ. Ogún ìṣẹ́jú kọjá, kò rí nǹkan kan. Ó pa kọ̀ǹpútà, ó ti fèrèsé, ó fọwọ́ sí ìwé àtijáde. Aago márùn-ún ti lù.

Oòrùn ò tíì wọ̀ nígbà tó délé. Wọ́n ti ṣí àgádágodo ilẹ̀kùn ìta, ó sì gbọ́ ẹkún láti orí àtẹ̀gùn. Ó mọ ẹkún náà. Ó mọ ibi tí yóò ti dá, tí yóò ti gba èémí, tí yóò tún fi gbéra. Ó rọra gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá.

Obìnrin kan jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, Aláròyé wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, àwọn méjèèjì ń sunkún. Ẹnu ọmọ ti là. Ó ń ro tiléèwé, ó ń ro ti bọ́ọ̀sì, ó ń ro ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó bá a jà, gbogbo ohun tó ti gbé mì láti ọjọ́ Ẹtì ló ń tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. "Mo rò pé ẹ ò fẹ́ràn mi mọ́," ló ń wí.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ? Ọmọ mi, ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ?"

Akọ̀wé dúró síbẹ̀ títí ẹkún fi lọ sílẹ̀, títí oorun fi gbé ọmọ. Nígbà náà ni obìnrin náà gbójú sókè. Ojú Akọ̀wé ni, ó ti wú, ó ti pọ́n, omijé sì ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀. Ó wo ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà láti òkè délẹ̀, bí èèyàn ṣe ń wo àlejò tí kò kan ilẹ̀kùn. Ó fọwọ́ bo etí ọmọ.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà," ló wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ta lẹ ń wá?"

Akọ̀wé wo ọmọ. Ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì di aṣọ obìnrin náà mú. Akọ̀wé wá ìbẹ̀rù nínú ara rẹ̀, kò rí i. Ó wá owú, kò rí i.

"Ẹ má bínú," ló wí. "Mo ṣi ilé wọ̀ ni."

Ó rọra fa ilẹ̀kùn náà dé, kí ọmọ má baà jí.