Ìbuwọ́lù Kẹrin Lára Akoto Larkin

Maren Brandvold jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó gbé akoto pupa náà lé orúnkún bí ìyá tó gbé ọmọ tuntun, òógùn sì bò ó. Ìbuwọ́lù mẹ́ta ló wà lára akoto náà. Mẹ́rin ló yẹ kó wà níbẹ̀.

Kọ́táàbáàkì mẹ́rin, àwọn tó ń darí ẹgbẹ́ nínú bọ́ọ̀lù aláfọwọ́jù ti Amẹ́ríkà, ni Kọ́lẹ́ẹ̀jì Larkin kò lè gbàgbé láé, àwọn tó jẹ́ pé tí bọ́ọ̀lù bá ti dé ọwọ́ wọn, gbogbo ìlú á dìde dúró. Orrin Brandvold, bàbá àgbà Maren, ló dàgbà jù nínú wọn, ìbuwọ́lù tirẹ̀ ló sì kù. Lọ́la, Sátidé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ máa ń padà wá wo bọ́ọ̀lù, wọ́n máa gbé akoto náà sínú àpótí onígíláàsì nínú gbọ̀ngàn abẹ́ pápá ìṣeré. Kí wọ́n tó gbé e síbẹ̀, Maren fúnra rẹ̀ ló máa gbé e wọ pápá nígbà ìsinmi ìdajì eré, níwájú gbogbo ayé. Láti ọjọ́ Ajé ni Kóòṣì Dekker, tó ń kọ́ ẹgbẹ́ náà, ti fa akoto lé e lọ́wọ́ pé kó gbé e fún bàbá àgbà kó buwọ́ lù ú. Iṣẹ́ tí kò ju kéèyàn sín lọ.

Ṣùgbọ́n Maren ní kí òun kọ́kọ́ yangàn díẹ̀. Ó gbé akoto lọ sílé ìwé. Ó gbé e lọ sí ìdí àwọn tó ń yan sọ́séèjì. Àní ó gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín. Gbogbo ẹni tó ní fóònù ló bá akoto ya fọ́tò. Ìgbà tí ojú rẹ̀ fi máa wálẹ̀, bàbá àgbà ti gbé ọ̀pá ìpẹja, ó ti wọ ahéré rẹ̀ létí adágún, níbi tí fóònù kì í ti í dún, ó di ọ̀sán Sátidé kó tó padà. Kóòṣì sì ń retí akoto nírọ̀lẹ́ òní.

Brynn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nà gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì, ó ń jẹ gúgúrú.

"Ìbuwọ́lù bàbá àgbà yín wà ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, ó wà nílé búrẹ́dì, ó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. O ti mọ̀ ọ́n bí Àdúrà Olúwa. Kọ ọ́ jàre, kí á ráyè lọ jẹ ẹja díndín."

"Tí wọ́n bá mọ̀ ńkọ́?"

"Ta ló máa mọ̀? Ṣé akoto máa sọ̀rọ̀ ni?"

Ẹni tí a ní kó féni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Brynn ṣí fọ́tò ìbuwọ́lù tó wà ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ sórí fóònù rẹ̀. Maren kọ́kọ́ fi bébà kọ́ ọwọ́ títí, ó wá mú bírò dúdú tí Kóòṣì fún un, ó mú èémí dúró, ó kọ ọ́: lẹ́tà O ràbàtà bí ẹyin pẹ́pẹ́yẹ, lẹ́tà d tó ká ìrù sókè bí ológbò tó ti yó. Ó bá a mu débi pé ẹ̀rù ọwọ́ ara rẹ̀ bà á.

Nígbà tó di Sátidé, Ọ̀gbẹ́ni Pruitt ti Chicago dé. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa wo ìbuwọ́lù, kó sọ èyí tó jẹ́ òótọ́ àti ayédèrú. Ó ní dígí kan tó ń sọ èèrà di erin. Ó wo ìbuwọ́lù mẹ́ta àkọ́kọ́, ó mi orí pé ó dáa. Ó dé orí ti Orrin, ó dúró. Ó nu dígí rẹ̀. Ó tún wò ó.

"Mo ti ń wo ìbuwọ́lù Brandvold tipẹ́," ló wí. "Mi ò rí irú èyí rí."

Maren bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọ̀nà ilẹ̀kùn.

"Mi ò rí èyí tó mọ́ tó báyìí rí. Ojúlówó ni." Ó sì lẹ bébà kékeré kan tó ń dán yinrin mọ́ akoto, èdìdì òtítọ́.

Ẹnu ya Maren débi pé ó gbàgbé láti pa á dé. Ṣé bó ṣe rọrùn tó nìyí? Ó lọ bu páì ápù. Ó tún lọ bu òmíràn.

Orrin dé nígbà tí wọ́n ń jẹun ọ̀sán nínú gbọ̀ngàn, ó ń rùn bí ẹja, inú rẹ̀ ń dùn. Kò tíì jókòó tán tí obìnrin kan fi na bọ́ọ̀lù sí i pé kó bá òun buwọ́ lù ú. Orrin buwọ́ lù ú. Pruitt tó wà nítòsí wo bọ́ọ̀lù, ó gbà á, ó fi dígí sí i. Ìbuwọ́lù ọ̀hún wọ́ bí ibi tí adìẹ ti fẹsẹ̀ ha ilẹ̀. Ó fi pẹ̀lẹ́tù sọ fún obìnrin náà pé kó má bínú, ayédèrú ni. Obìnrin náà ní báwo, ojú òun ni bàbá yìí ṣe kọ ọ́. Pruitt wá wo Orrin láti orí dé bàtà.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ta ni yín?"

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín.

"Orrin Brandvold ni mí," ni bàbá wí. "Tí kì í bá ṣe èmi, ẹ tètè sọ, torí ìyàwó rẹ̀ ló jókòó tì mí yìí, mi ò fẹ́ ìjà."

Pruitt kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ìbuwọ́lù tó kún inú fóònù rẹ̀ hàn wọ́n, kò sí ọ̀kan tó jọ ti bọ́ọ̀lù náà. Ó ní kí wọ́n gbé akoto wá, ó ní ọwọ́ Orrin Brandvold gidi ló wà lára rẹ̀. Orrin tẹ̀ síwájú, ó wò ó. Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu rẹ̀.

"Mi ò fojú kan akoto yìí rí."

Sọ́séèjì bọ́ lọ́wọ́ Kóòṣì Dekker. Àfi bí àga kan ṣe dún gìrìrì tí Ardis, ìyá àgbà rẹ̀, dìde, tó nu ẹnu rẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Ẹ fi Bàbá Gary, ọkọ mi, sílẹ̀. Èmi ni mo kọ ọ́. Èmi ni mo kọ gbogbo ẹ̀."

Ó ṣàlàyé fún wọn. Ó ní lẹ́yìn ìdíje inú yìnyín tí Larkin borí, àwọn èèyàn ń fi fọ́tò ránṣẹ́ láti ibi gbogbo pé kí Orrin buwọ́ lù ú. Ilé ìfúnwàrà ni Orrin ń ṣiṣẹ́, tó bá délé, oorun á gbé e lórí oúnjẹ. Ló bá ní, "Ardis, bá mi dá àwọn èèyàn yìí lóhùn." Ó bá a dá ẹnì kan lóhùn, ó bá a dá lẹ́tà apẹ̀rẹ̀ kan lóhùn, ọdún sì ń gorí ọdún. Ti ilé búrẹ́dì, ti ṣọ́ọ̀ṣì, ti ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, ọwọ́ Ardis ni. Onígbàjámọ̀, tó ti ń búra fún gbogbo oníbàárà pé ojú òun ni Orrin ṣe kọ ti òun, bẹ̀rẹ̀ sí í wá fìlà rẹ̀. Pruitt ń wo fóònù rẹ̀ bí ẹni tó rí ejò. Gbogbo ohun tó ti ń fi èdìdì lé, ìyá arúgbó yìí ló kọ ọ́.

Ardis wá tẹjú mọ́ akoto. Ó fọwọ́ tẹ iwájú orí rẹ̀.

"Ti ara akoto yìí nìkan ni mi ò rántí." Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Bàbá Gary, ṣé iyè mi ti ń ra ni?"

Ilẹ̀kùn ṣí gbayawu fún Maren. Ẹnì kan ti gba ẹ̀bi fún un láì bẹ̀ ẹ́. Tó bá dákẹ́, ó parí. Brynn ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì pé kó dákẹ́. Ṣùgbọ́n ojú ìyá àgbà ni Maren ń wò, ojú ẹni tó ń wá ohun tí kò sọnù nínú orí ara rẹ̀, tí ẹ̀rù sì ń bà.

"Màmá àgbà, iyè yín ò ra. Èmi ni mo kọ ọ́."

Wọ́n ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ, ó sì sọ gbogbo rẹ̀, láti orí yíyangàn títí dé orí bírò. Kò dárúkọ Brynn. Ardis mí kanlẹ̀, ìtura bá a. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó rántí láti bínú.

"Ìwọ ọmọ yìí," ló wí, "ọkọ mi ló fi orúkọ rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, síbẹ̀ ojú ń tì mí lónìí. Ta ló fún ìwọ?"



Orrin ní kí wọ́n má fi ọmọ nìkan ṣe ẹlẹ́ṣẹ̀, òun ló kọ́kọ́ sọ orúkọ ara òun di ohun tí ẹlòmíràn ń bá òun kọ. Síbẹ̀, Kóòṣì Dekker ní Maren kò ní í gbé akoto wọ pápá mọ́. Ó fún un ní ọtí ìfọgbẹ́ àti àkísà pé kó pa ohun tó kọ rẹ́ níbẹ̀, kí gbogbo ojú máa wò ó. Ó ń nù ú, omi ojú ń já bọ́ sórí rẹ̀. Nígbà tó yá, ọwọ́ kejì tó mú àkísà wọlé. Brynn ni, ojú rẹ̀ pupa ju akoto lọ. Ìbuwọ́lù náà kúrò, ṣùgbọ́n ó gbé ọ̀dà akoto dání lọ. Ojú ibẹ̀ pá bí orí alùfáà. Orrin mú bírò láti kọ tirẹ̀ síbẹ̀, bírò kò mú un.

Bó ṣe pá yẹn náà ni wọ́n ṣe gbé e sínú àpótí. Àwọn kan ní kí wọ́n ra tuntun, Orrin ní rárá. Iṣẹ́ ṣíṣí gbọ̀ngàn lọ́jọ́ bọ́ọ̀lù ni wọ́n wá fún Maren dípò pápá, kò sì sí àlejò tí kì í bi í pé kí ló mú ibẹ̀ pá. Ìgbà àkọ́kọ́, ó wo ilẹ̀. Ó ti mọ̀ báyìí pé irọ́ lè gba èdìdì lọ́wọ́ ọ̀mọ̀ràn, kó jẹ páì, kó yó, ṣùgbọ́n orí aláìmọwọ́mẹsẹ̀ ni yóò lọ sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ sí. Díẹ̀ ló kù kó sọ ìyá arúgbó di ẹni tó rò pé iyè òun ti ra. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, iṣẹ́ tí a bá rán yín, ẹ tètè jẹ́ ẹ. Tí ẹ ò bá sì jẹ́ ẹ, ẹ sọ pé ẹ ò jẹ́ ẹ. Ìtìjú ìyẹn kéré.

Nísinsìnyí, tí àlejò bá ti béèrè, Maren kì í wolẹ̀ mọ́.

"Èmi ni," á wí. "Orúkọ tí kì í ṣe tèmi ni mo kọ síbẹ̀. Ẹ sún mọ́ ọn, kí ẹ rí i dáadáa."