Ṣòkòtò Tó Ń Fẹ̀ Sí I

Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé, máàpù ayé ni olùkọ́ fi bo ìdí wọ ṣọ́ọ̀bù obìnrin aránṣọ kan. Níbi tó ti ń nàgà fi òkun han àwọn ọmọ kíláàsì ni ìdí ṣòkòtò rẹ̀ ti ya.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Ogójì ọmọ ló ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ lọ́hùn-ún."

Olùkọ́ wọ ẹ̀yìn aṣọ ìkélé, ó na ṣòkòtò sí i. Abẹ́rẹ́ ń lọ, ọ̀rọ̀ ń lọ. Ó ní láti kékeré, awakọ̀ òfuurufú lòun fẹ́ dà, àmọ́ ojú òun ò ríran jìnnà. "Ní báyìí, ìka ni mo fi ń fò lórí máàpù."

Aránṣọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Òun náà sọ tiẹ̀. Dókítà ló fẹ́ ṣe. Ọdún kẹrin rẹ̀ ní girama ni bàbá rẹ̀ kú, ni àbúrò ìyá rẹ̀ bá fà á fún télọ̀ kó lọ kọ́ṣẹ́.

"Ẹ̀yin náà kúkú ń rán ojú ọgbẹ́," ni olùkọ́ wí. "Ẹ ṣé, Dókítà."

Láti ọjọ́ náà, kò pè é lórúkọ mìíràn mọ́. Kò pẹ́ tí "ẹ" fi di "ìwọ", tí Dókítà fi di Dókítà mi. Wọ́n fẹ́ràn ara wọn dọ́ba.

Àmọ́ ìyá olùkọ́ yarí kanlẹ̀. "Ọmọ tí mo rán lọ sí yunifásítì, kó wá lọ fẹ́ télọ̀? Kò ní ṣojú mi!" Odindi ọdún kan ni wọ́n fi bẹ̀ ẹ́.

Láàárín ọdún yẹn ni ṣòkòtò tí aránṣọ rán fún olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀. Ó gbé e wá, aránṣọ dín in. Ó tún gbé e wá, ó tún dín in.

"Má bínú, ọkàn mi. Èmi ni mo gé e tóbi."

"Ìfẹ́ rẹ ni kì í jẹ́ kí n jẹun," olùkọ́ á ní, wọn á sì jọ rẹ́rìn-ín.

Ẹni tó mọ iṣẹ́ dunjú, ọwọ́ ara rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ fura sí. Aṣọ ló ń wò, kò wo ẹni tó wọ̀ ọ́.

Nígbà tí olùkọ́ dákú ní kíláàsì, tí wọ́n sáré gbé e dé ọsibítù, dókítà béèrè ìgbà tó ti ń rù. Ìyá rẹ̀ ní òun ò mọ̀. Aránṣọ mú ìwé tó ń kọ ìwọ̀n sí jáde. Ìbàdí, ínṣì mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, méjìlélọ́gbọ̀n. Lẹ́yìn náà ọgbọ̀n, lẹ́yìn náà méjìdínlọ́gbọ̀n, ọjọ́ àti oṣù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkọ̀ọ̀kan.

"Ta ló kọ èyí?" ni dókítà bi í. "Nọ́ọ̀sì wa ò lè kọ ọ́ tó báyìí. Ká ní ẹ ti tètè gbé e wá ni, à bá rí nǹkan ṣe sí i."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára ju abẹ́rẹ́ lọ.

Lórí bẹ́ẹ̀dì, olùkọ́ na ọwọ́ sí i. "Dókítà mi, ṣé o ti jẹun?"

"Jọ̀ọ́, má pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́."

"Kí ni kí n wá máa pè ọ́?"

Ìyá olùkọ́ ló dáhùn lódìkejì bẹ́ẹ̀dì, ó ń fi etí aṣọ nu ojú.

"Èmi tí mo bí ọ, tí mò ń bu oúnjẹ fún ọ, mi ò rí i. Ìyàwó rẹ ni. Máa pè é ní ìyàwó."

Olùkọ́ pè é, ó sì jẹ́. Ó ń pè é bẹ́ẹ̀ ṣáá, kódà nígbà tí kò nílò ohunkóhun, fún ọjọ́ mẹ́sàn-án tó kù.