Ẹni Tó Kó Kòkòrò Sára Róòsì Hidaayah

Ọkùnrin náà lóṣòó sídìí róòsì tí Hidaayah ń tà lẹ́bàá títì ní Festac, ó ṣí páálí ìṣáná, ó ń da kòkòrò sórí òdòdó olódòdó. Ojú Hidaayah ló ṣe. Ó gbá a lẹ́wù mú.

"Ta ló rán ẹ? Ṣé Ṣìmí ni?" Ṣìmí ló ń ta òdòdó ní òdìkejì títì.

"Àǹtí, ẹ fara balẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò rán mi."

Láti ọ̀sẹ̀ kan ni àwọn kòkòrò wínníwínní aláwọ̀ ewé ti ń fa omi ara róòsì náà mu, tí ewé ń kákò, tí èèrà sì ń tò lọ tò bọ̀ lára igi. Ṣé ẹni tó ń kó wọn wá rèé?

"Èyí tí mo kó wá yìí ló ń jẹ àwọn tó ń dà yín láàmú." Ó fi ọ̀kan hàn án: ó rí roboto, ó pupa, ó ní àmì dúdú lẹ́yìn. "Oko ilá màmá mi ní Ijegun-Egba ni mo ti ṣà wọ́n. Afeez lorúkọ mi. Tánkà ni mò ń wà ní Satellite."

"Kí ló dé tó ò wí ká gbọ́, tó o wá ń yọ́ kẹ́lẹ́?"

"Mo wí lọ́jọ́ Jímọ̀. Ẹ ní kí n máa bá tèmi lọ."

Òótọ́ ni, àmọ́ Hidaayah ò gbà. Ó ṣí fìlà lórí rẹ̀, ó fi ṣe ìdógò títí róòsì yóò fi yè.

Ojoojúmọ́ ni Afeez ń wá béèrè fìlà. Kó tó di ọjọ́ kẹwàá, kòkòrò ti tán, ewé tuntun ti yọ, Hidaayah ò dá fìlà padà. "Mi ò tíì yẹ̀ ẹ́ wò tán," ló ń wí.

"Arẹwà mi, máa yẹ̀ mí wò lọ."

Nígbà tí Afeez ní kí àwọn so yìgì, inú Hidaayah dùn, àyà rẹ̀ sì já. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ àkọ́kọ́ gbé e níyàwó ló tó gbọ́ pé ọkùnrin náà ti ní ìyàwó méjì ní Ìṣẹ́yìn. Ẹni ejò bá sì ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ta ló mọ iye ilé tí onítánkà ń sùn?

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó gbé róòsì kan, ó wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí Ijegun-Egba bí ẹni tó ń kiri ọjà.

Níwájú ilé tí wọ́n júwe fún un pé ti Afeez ni, ìyá àgbà kan ń já ilá. Hidaayah kúnlẹ̀. "Ẹ kúuṣẹ́ mà. Òdòdó ni mò ń tà. Ṣé ìyàwó ilé yìí wà ńlé?"

Ìyá nawọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Ìkòkò òdòdó mẹ́ta wà níbẹ̀, ọwọ́ Hidaayah fúnra rẹ̀ ló kùn wọ́n.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti wá ra òdòdó lọ́wọ́ ẹ ní Festac kí n lè ṣèwádìí ẹ," ni ìyá Afeez wí. "Ọmọ mi ń fojoojúmọ́ wá fìlà kan lọ, ṣé kí n má fura ni? Mo rò pé o ti lọ́kọ."

"Rárá o, mà." Omi lé sí i lójú. "Òun náà ńkọ́ mà?"

"Tó bá níyàwó, ṣé èmi ni màá máa dá já ilá?"

Ohùn wọn ló mú Afeez jáde. "Hidaayah! Kí lo wá ṣe níbí?"

Irọ́ ti wà lẹ́nu Hidaayah láti Festac, ṣùgbọ́n kò pa á. Ó gbé róòsì sílẹ̀, ó gba agbọ̀n ilá lọ́wọ́ ìyá.

"Ilé ọkọ mi ni mo wá wò."