Owó Àsansílẹ̀

"Mi ò ní í dìde níbí lónìí!"

Bàbá awakọ̀ kan tó ti fẹ̀yìn tì ló fìdí kalẹ̀ sórí àga tirẹ̀ gan-an, àga tí kò tíì lápá, tí kò tíì lẹ́yìn, láàárín ìsọ̀ káfíńtà. "Láti ìgbà wo ni mo ti san àsansílẹ̀? Káfíńtà, ṣé o fẹ́ kí n máa jẹun lóòró títí tí n ó fi kú ni?"

"Ẹ dákun, bàbá, ẹ má bínú," ni káfíńtà ń wí, ó ń rawọ́ ẹ̀bẹ̀. "Láìpẹ́, ẹ ó rí i."

Ọmọbìnrin káfíńtà dúró lẹ́nu ọ̀nà, aṣọ ilé-ìwé ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Adájọ́ ni wọ́n ń pè é nílé, torí kò sọ́rọ̀ tó ṣẹlẹ̀ lójú rẹ̀ tí kò ní í dá ẹjọ́ rẹ̀. Ó dúró títí bàbá awakọ̀ fi bínú lọ.

"Bàbá mi, owó tí wọ́n san dà?"

"Mo ti fi ra pákó."

"Pákó àga wọn?"

Bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín ìtìjú. "Pákó bẹ́ẹ̀dì ìyàwó tuntun kan tó gbéṣẹ́ wá ṣáájú wọn ni."

"Owó ìyàwó tuntun wá ńkọ́?"

"Ìyẹn ti bá kọ́bọ́ọ̀dù ẹlòmíì lọ."

Háà! Owó ẹni tó dé kẹ́yìn ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ ẹni tó ṣáájú. Ọ̀pọ̀ káfíńtà àdúgbò ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ọgbọ́n iṣẹ́ ni wọ́n pè é. Èyí tó wá burú níbẹ̀ ni pé bí owó àsansílẹ̀ bá ti wọlé, gbogbo ilé á rò pé àwọn ti lówó. Wọn á jẹ nínú rẹ̀, wọn á mu nínú rẹ̀, èyí tó bá ṣẹ́ kù ni yóò lọ sọ́dọ̀ onípákó.

Nírọ̀lẹ́, Adájọ́ dá ẹjọ́ rẹ̀. "Ẹ má gba iṣẹ́ tuntun mọ́ títí ẹ ó fi parí ti àtijọ́."

"Kí la ó wá máa jẹ?" ni bàbá rẹ̀ bi í. "Eruku pákó?"

Ìyá rẹ̀, tó ń bá àwọn èèyàn fọ aṣọ, gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀. "Owó aṣọ mi la ó máa jẹ. Mo mọ̀ pé kò tó. A ó fún un bí aṣọ títí yóò fi tó ni. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́."

"Ó dáa," ni bàbá wí. "Ẹ̀yin méjèèjì ti gbìmọ̀ pa mí."

Bí ìṣọ́wóná ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n ṣíwọ́ àwìn ní ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé. Ẹran di àlejò, ó di ọjọ́ ìsinmi kí wọ́n tó rí i. Adájọ́ ń fẹsẹ̀ rìn lọ sílé-ìwé. Wọ́n já tẹlifíṣọ̀n olówó oṣooṣù, bàbá sì ṣọ̀fọ̀ bọ́ọ̀lù bí ẹni pé èèyàn kú. Ó ni wọ́n lára, ẹ má jẹ́ á parọ́. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀dì ìyàwó tuntun parí, ó jáde.

Àfi bí owó ìdánwò àṣejáde ṣe dé. Ilé-ìwé ní ẹni tí kò bá san án títí ọjọ́ Ẹtì yóò dúró de ọdún tó ń bọ̀. Owó tó kù lórí àga bàbá awakọ̀ nìkan ni wọ́n lè fi san án, àga ọ̀hún kò sì tíì parí.

Bàbá jáde lọ ra pọ́líìṣì, Adájọ́ sì ń fi sanpépà ha apá àga nígbà tí ìyá oníbúrẹ́dì wọlé. Ó fẹ́ kí wọ́n bá òun kan pẹpẹ ìpàtẹ tuntun. Ó na ìdì owó jáde. "Gbà fún bàbá ẹ. Mo mọ̀ pé wọn ò ní í ṣiṣẹ́ láìgba àsansílẹ̀."

Adájọ́ wo ìdì owó náà. Owó ìdánwò wà nínú rẹ̀, ó tún kù. Bàbá rẹ̀ kò ní í bá a wí, inú rẹ̀ á tiẹ̀ dùn. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti san tiwọn. Ọwọ́ rẹ̀ ti gbéra. Ó wá rí ìyá oníbúrẹ́dì lọ́kàn rẹ̀, tó jókòó sínú ìsọ̀ yìí, tó ń pariwo pé òun kò ní í dìde.

"Ẹ ṣeun, mà. Iṣẹ́ oníṣẹ́ ṣì wà nílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká parí rẹ̀ ná, èmi fúnra mi ni n ó wá pè yín."

"Káfíńtà tí kì í gbowó!" Obìnrin náà ká owó rẹ̀ sápò. "N ó kúkú lọ síbòmíì."

Nígbà tí bàbá gbọ́, ó ká ọwọ́ lérí. "Adájọ́, o pa mí o! Owó ìdánwò ẹ lo dá padà yẹn!"

"Owó ìdánwò mi kọ́, bàbá mi. Owó pákó ìyá oníbúrẹ́dì ni." Omi ti lé ròrò sójú rẹ̀.

Bàbá gbé pọ́líìṣì kalẹ̀. Ó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀. "Lọ pe ìyá ẹ wá. Kẹ́ ẹ mú sanpépà dání."

Àwọn mẹ́ta ni wọ́n dojú ìjà kọ àga náà. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, bàbá awakọ̀ jókòó sórí rẹ̀, ó dìde, ó tún jókòó, ó ń wá ibi tí yóò ti bínú. Kò rí. Ló bá san owó tó kù.

Káfíńtà di owó náà mú, ó ń wo ọ̀nà bí ẹni tó ń retí kí ẹnìkan wá já a gbà. Kò sẹ́ni tó wá. Ló bá ki eré mọ́lẹ̀, ó di ilé-ìwé, eruku pákó lórí. Akọ̀wé ní, "Ẹ ò bá ti fi rán ọmọ yín."

"Rárá o," ni bàbá wí. "Mo fẹ́ fọwọ́ ara mi san án. Mo ti ṣiṣẹ́ owó yìí tán."

Ìyá oníbúrẹ́dì kò padà wá, ó sì dùn wọ́n. Gbèsè tó kù, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń san án. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kì í ṣe gbogbo owó tó bá wà lápò ẹni ló jẹ́ tẹni. Èyí tí a kò tíì ṣiṣẹ́ rẹ̀, gbèsè ni. Adájọ́ mọ èyí, ó sì wọ gbọ̀ngàn ìdánwò láìjẹ ẹnikẹ́ni lówó ìjókòó rẹ̀.