Kí Ọmọ Tó Bọ́ Sínú Omi: Ohun Tó Ṣẹlẹ̀ ní Ọgbà Erinmi

Ilẹ̀ ọjọ́ Sátidé náà kò tíì mọ́ tán tí Àmírátù ti wọ bàtà. Ó gbé báàgì kọ́ èjìká, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀.

"Ìyá mi, ẹ ò tíì ṣe tán ni?"

Mùínátù, ìyá rẹ̀, ṣì ń fọ ẹnu lọ́wọ́. Ẹ̀rín pa á. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni Àmírátù, òun sì ni àbíkẹ́yìn. Aṣọ àǹkárá ni Mùínátù ń tà ní ọjà Atakpamé, ní ilẹ̀ Tógò. Láti Ṣakí ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n Atakpamé ni wọ́n bí òun sí, ibẹ̀ náà ló sì bí àwọn ọmọ tirẹ̀ sí.

Láti ìgbà tí Àmírátù ti yege ìdánwò ló ti ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n mú òun lọ sí Ọgbà Erinmi, ọgbà omi tuntun tí wọ́n ṣí lọ́nà Agbonou. Gbogbo ọmọ kíláàsì rẹ̀ ló ń ròyìn ibẹ̀: erinmi tó ń tu omi lẹ́nu, òjòlá gígùn tí èèyàn ń yọ̀ gba ikùn rẹ̀ já sínú omi, olú ńlá tó ń rọ òjò.

Mùhyídéènì, bàbá ọmọ náà, wà ní Notsé tó ti lọ kó ọjà. Nítorí náà ni Mùínátù ṣe bẹ aládùúgbò wọn, Geneviève, pé kó bá àwọn lọ. Ọmọ Ifẹ̀ ti Atakpamé ni Geneviève, onílùú gan-an. Panápaná ni iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ju Mùínátù lọ lọ́jọ́ orí. Àwọn méjèèjì ti gbé ojúde kan náà pẹ́ débi pé àwọn ọmọ wọn kì í fi ìyàtọ̀ sí ilé méjèèjì. Geneviève mú ọmọ tirẹ̀, Aurélie, dání. Wọ́n gun zémíjàn méjì, alùpùpù akérò, ó di Ọgbà Erinmi.

Nígbà tí wọ́n wọlé, Mùínátù fúnra rẹ̀ lanu, kò lè pa á dé. Erinmi náà ga tó ilé, símẹ́ǹtì ni wọ́n fi mọ ọ́n, wọ́n kùn ún bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lódò. Omi ń dà ṣòò láti ẹnu rẹ̀ sínú adágún ńlá tí wọ́n mọ fún ìwẹ̀, tí àwọn èèyàn ń pè ní písíìnì. Àwọn ìjókòó ibẹ̀ rí bí ìkarahun ìgbín. Àwọn ihò tí omi ń gbà wọ ẹ̀rọ nísàlẹ̀ písíìnì pàápàá, ìdérí oníhò wẹ́wẹ́ tó ní àwòrán akàn ni wọ́n fi bò wọ́n.

Àwọn ọmọ ti bọ́ bàtà, wọ́n fẹ́ fò wọlé.

"Ẹ dúró ná!" ni Geneviève wí. "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rìn yí i ká."

"Ìyá Aurélie, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ̀ ọ́," ni Mùínátù wí. "Láti àná ni ọmọ yìí ò ti sùn."

"Kò ní pẹ́. Ibikíbi tí omi bá wà, mo máa ń kọ́kọ́ kí i ni."

Ó mú wọn rìn létí omi, ó ń fi ìka tọ́ka.

"Ẹ wo ilẹ̀ inú omi yìí. Níbi tó funfun, omi ò kọjá orúnkún. Níbi tó di búlúù fẹ́ẹ́rẹ́, ó máa dé àyà Àmírátù. Níbi tí wọ́n ya ọ̀nì sí létí rẹ̀ lọ́hùn-ún, omi ibẹ̀ á bo àgbà mọ́lẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán ni wọ́n yà síbẹ̀. Ẹni tó ya ọ̀nì yẹn ń bá yín sọ̀rọ̀. Aurélie, kí ló ń sọ?"

"Ó ní ká má wá sọ́dọ̀ òun, Màmá."

"Ó dáa. Ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ibi tí a dúró sí yìí. Ṣé ẹ rí i pé kò jọ̀lọ̀? Kí ẹsẹ̀ má baà yọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ibi tó ń dán nídìí òjòlá yẹn, ẹ má sáré níbẹ̀ rárá."

Ó pe ọ̀dọ́kùnrin tó ń ṣọ́ omi. "Arákùnrin, níbo ni ẹ̀rọ yín ti ń fa omi?"

Ọkùnrin náà fi akàn méjì hàn wọ́n nísàlẹ̀ omi. Ó ní ẹ̀kẹta wà lábẹ́ ẹnu erinmi.

Geneviève yíjú sí Mùínátù. "Omi písíìnì kì í dúró lójú kan. Ẹ̀rọ ń fà á gba ihò ìsàlẹ̀, ó ń sẹ́ ẹ, ó sì ń dá a padà. Agbára ihò yẹn ju agbára ọwọ́ àgbà lọ. Ìdérí tó wà lórí rẹ̀ ni kì í jẹ́ kó fa èèyàn. Bí ìdérí bá ti fọ́, ó lè gba irun, ó lè gba aṣọ, ó lè gba ọwọ́ ọmọdé."

Wọ́n dé ọ̀dọ̀ erinmi. Omi tó ń dà sílẹ̀ ti sọ ibẹ̀ di kìkì ìfófòó, ẹnikẹ́ni kò lè rí ìsàlẹ̀. Geneviève bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò títí, ó mi orí.

"Mi ò rí akàn yìí. Ibi tí a ò bá rí ìsàlẹ̀ rẹ̀, a kì í wọ̀ ọ́. Ẹ̀yin ọmọ, ṣé ẹ gbọ́?"

"A gbọ́, Tántì," ni Àmírátù wí, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti wà lára òjòlá.

Lára ògiri tó súnmọ́ ibẹ̀, wọ́n ya ẹyẹ ńlá kan. Ojú rẹ̀ pupa, ó yọ síta bí ìdérí ìgò.

"Ìyá Àmírátù, o mọ ohun tí èyí jẹ́?"

"Ojú ẹyẹ ni."

"Bọ́tìnnì ni. Bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́, gbogbo ẹ̀rọ tó ń fa omi á dákẹ́. Wọ́n fi ẹyẹ bò ó kó lè bá ọgbà mu. Ó wuyì o, àmọ́ ta ló máa mọ̀? Fọwọ́ kàn án, kí ọwọ́ rẹ mọ ibi tó wà."

Mùínátù wẹ̀yìn bóyá èèyàn ń wo àwọn. Ó fọwọ́ kàn án wéré, ó yọwọ́ kíá. Nínú ọkàn rẹ̀, ó ń sọ pé, 'Obìnrin yìí ti gbé iṣẹ́ panápaná wá síbi eré.' Ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó hàn lójú rẹ̀.

Geneviève kó irun Àmírátù jọ, irun dídì tí wọ́n fi mẹ́ẹ̀ṣì, irun àtọwọ́dá, sí, tó gùn dé ìdí rẹ̀. Ó dì í ní kókó sí àtàrí. Fìlà rọ́bà wà lórí Aurélie ní tirẹ̀. Geneviève wá ní kí àwọn ọmọ máa wọ omi lọ.

Eré wá bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ gba ikùn òjòlá kọjá, wọ́n jáde pẹ̀lú igbe. Wọ́n dúró lábẹ́ olú, wọ́n la ẹnu sí òjò, wọ́n sì ń ju bọ́ọ̀lù kan síra wọn. Mùínátù jókòó létí omi, ó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ó ti pẹ́ tó ti rí ọmọ rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín báyẹn. Ó ń dúpẹ́ lọ́kàn rẹ̀ pé òun wá.

Fóònù rẹ̀ dún. Oníbàárà rẹ̀ kan ni, láti Kamina, ó ń béèrè aṣọ. Ariwo omi ò jẹ́ kó gbọ́ dáadáa, ló bá dìde, ó kọ ẹ̀yìn sí písíìnì, ó fi ọwọ́ kan di etí.

Bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ ló fa ohun tó tẹ̀lé e. Ó léfòó lọ sábẹ́ ẹnu erinmi. Àmírátù gbàgbé ohun tí Tántì Geneviève sọ, ó tẹ̀lé e. Omi tó ń dà látòkè já lù ú lórí, ó tì í wọlẹ̀. Kókó irun rẹ̀ ti tú nínú òjòlá. Irun gígùn náà tẹ́ sínú omi, ihò ẹ̀rọ sì fà á.

"Màmá! Àmírátù ò jáde! Irun rẹ̀ ti há!"

Ohùn Aurélie ni. Kí Mùínátù tó yíjú padà, Geneviève ti bẹ́ sínú omi taṣọtaṣọ. Olùṣọ́ omi náà sáré kúrò nídìí òjòlá, ó bẹ́ tẹ̀lé e. Geneviève yọ orí lẹ́ẹ̀kan, ó mí, ó pariwo:

"Ẹ pa ẹ̀rọ! Ẹ pa ẹ̀rọ!"

Àwọn èèyàn ń sáré sókè sódò. Ọkùnrin kan forí lé ẹnu ọ̀nà, ó ń bi gbogbo èèyàn ibi tí yàrá ẹ̀rọ wà. Òmíràn kàn ń pariwo ṣáá. Ọkàn Mùínátù fẹ́ bẹ́ sínú omi, bẹ́ẹ̀ òun ò mọ ìwẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e lọ síbi ògiri. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ojú pupa náà wọlé.

Omi ẹnu erinmi dá. Òjò olú dá. Gbogbo ọgbà pa lọ́lọ́. Mùínátù dúró, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lójú ẹyẹ, ó ń wo omi.

Geneviève yọ jáde, Àmírátù wà lápá rẹ̀.

Wọ́n tẹ́ ọmọ náà sílẹ̀. Kò mí. Ẹnì kan ní, "Ẹ dorí rẹ̀ kodò kí omi lè jáde!"

"Rárá!" ni Geneviève wí. "Ẹ má gbé e. Ẹ fún wa láyè."

Ó gbé àgbọ̀n ọmọ náà sókè díẹ̀, ó di imú rẹ̀, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu. Ó tún fẹ́ ẹ. Ó tún fẹ́ ẹ. Àmírátù húkọ́, ó bi omi, ó bú sẹ́kún.

"Ìyá mi!"

Mùínátù kúnlẹ̀ tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ń wí ṣáá pé, "Alihamudulilahi, Alihamudulilahi," bí omijé ti ń bọ́ lójú rẹ̀.

Nígbà tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé. Ara rẹ̀ ti yá."

"Ilé ìwòsàn là ń lọ," ni Geneviève dá a lóhùn. "Omi tó bá wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lè dá wàhálà sílẹ̀ nígbà tí gbogbo èèyàn bá rò pé ó ti tán. Dókítà ló máa sọ pé ara ti yá."

Dókítà dá ọmọ náà dúró di ọjọ́ kejì, ó ń ṣọ́ bó ṣe ń mí. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Philippe, ọ̀gá ọgbà náà, wá bá wọn níbẹ̀. Ó dúró ní ìdí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́.

"Ìyá, ẹ forí jì wá. A ti lé gbogbo èèyàn jáde, a ti ti ọgbà. Ìdérí ihò abẹ́ erinmi ti fọ́ lápá kan, a ò sì mọ̀, torí ìfófòó bò ó. Mẹ́ẹ̀ṣì ọmọ yín ṣì wà lára rẹ̀ nígbà tí mo wọ omi lọ wò ó." Ó yíjú sí Geneviève. "Ẹ jọ̀ọ́, màdáàmù, ẹ wá bá wa yẹ gbogbo ibẹ̀ wò kí a tó tún un ṣí."

"Màá wá," ni Geneviève wí. "Ojú ẹyẹ yẹn náà, ẹ kọ ohun tó jẹ́ sí i, kí ó hàn gbangba."

Nígbà tí wọ́n dá Àmírátù sílẹ̀, bàbá rẹ̀ ti dé láti Notsé. Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ tó tẹ̀lé e, òun àti Mùínátù lọ sí ilé Geneviève láti lọ dúpẹ́. Mùhyídéènì dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní ojúde, Mùínátù sì kúnlẹ̀.

"Ẹ dìde, ẹ dìde!" ni Geneviève ń wí. "Ta lẹ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Gbogbo agbára mi ni mo fi fa ọmọ yẹn, kò tu. Àfìgbà tí ẹ̀rọ dákẹ́. Ìyàwó rẹ ló pa ẹ̀rọ."

"Ọwọ́ mi ló tẹ̀ ẹ́," ni Mùínátù wí, "ẹnu yín ló fi hàn mí. Mo tiẹ̀ ń bínú nígbà tí ẹ ń fi hàn mí."

"Mo mọ̀. Ojú rẹ sọ fún mi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, àwọn méjèèjì, ẹ̀rín tó dà pọ̀ mọ́ ẹkún.

"Bí o bá fẹ́ ṣe nǹkan fún mi," ni Geneviève wí, "sọ ọ́ fún àwọn ìyá tó ń ra aṣọ lọ́wọ́ rẹ. Ẹnu tèmi ò lè dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn."

Ohun tí Mùínátù ń ṣe láti ìgbà náà nìyẹn. Bó bá ti ń wọn aṣọ fún oníbàárà tó ní ọmọ, á ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ omi. Ẹ̀yin náà tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ fún yín bó ṣe ń sọ ọ́.

Ọgbà omi kì í ṣe ohun ìbẹ̀rù. Ibi ayọ̀ ni, ó sì yẹ kí àwọn ọmọ wa gbádùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ọmọ tó bọ́ sínú omi, ẹ rìn yí ibẹ̀ ká. Ẹ ka àwọ̀ àti àwòrán tí wọ́n fi sí i, torí àwọn ló ń sọ ibi tó jìn àti ibi tó ń yọ̀. Ẹ béèrè ibi tí ẹ̀rọ ti ń fa omi, ẹ wo ìdérí rẹ̀. Bí ó bá fọ́, tàbí tí omi bá rú tí ẹ ò rí ìsàlẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ọmọ dé ibẹ̀, kí ẹ sì sọ fún àwọn tó ni ọgbà.

Ẹ bi wọ́n pé níbo ni bọ́tìnnì tó ń pa ẹ̀rọ wà. Irun gígùn, ẹ fi fìlà ìwẹ̀ dé e. Kókó lásán máa ń tú. Olùṣọ́ omi kan kò lè ṣọ́ gbogbo ọmọ, nítorí náà ẹ má ṣe fi ọmọ sílẹ̀ fún un kí ẹ máa wo fóònù. Ẹni tó bá ń pè yín á tún pè.

Bí ọmọ bá rì tó sì mu omi, ẹ má dorí rẹ̀ kodò. Ẹ pe panápaná. Bí kò bá mí, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu. Bó bá sì jí, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn síbẹ̀, bó ti wù kó máa rẹ́rìn-ín tó.

Ẹ lọ ṣeré, ẹ lọ gbádùn. Kí iye ọmọ tí ẹ kó lọ sì jẹ́ iye tí ẹ máa kó padà wálé.