Ọrùn Zeferino Oníbúrẹ́dì

"Ta ló rán ọ níṣẹ́ sí ọrùn mi? Mo ní ta ló rán ọ?"

Ohùn Zeferino oníbúrẹ́dì ti dé ìpẹ̀kun àdúgbò. Leocádia ló ń bá jà, ṣùgbọ́n igi ólífì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri àgbàlá ló ń wò. Ọrùn rẹ̀ ló yí sápá òsì, tó kọ̀ tí kò padà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó ná, Bàbá Zeferino. Ẹ jẹ́ n tún un yí lẹ́ẹ̀kan péré."

"Kí o tún kí ni yí? Ṣé kí n lè máa wo ẹ̀yìn ni? Aago mẹ́ta là ń gbé ère Bartolomeu Mímọ́ jáde, èmi ni mo máa ń wà níwájú. Bí mo ṣe wà yìí, inú ọgbà àjàrà ni màá kó ẹni mímọ́ lọ."

Gracinda ìyàwó rẹ̀, tó tẹ̀lé e wá, káwọ́ lérí. "Mi ò rí ìyàtọ̀ kankan. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí kò ti wo ojú mi."

Kì í ṣe ọrùn nìkan ló ba Leocádia lẹ́rù. Felismina ìyá àgbà rẹ̀, tó tọ́ ọ dàgbà, ni gbogbo abúlé ń sáré tọ̀ bí ẹsẹ̀ bá yẹ̀ tàbí tí ẹ̀yìn bá gan. Leocádia fẹ́ fi iṣẹ́ náà jẹun lókè òkun. Iléèwé kan ní Switzerland, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni láti fọwọ́ tọ́jú eegun àti iṣan, ti gbà á wọlé. Ọdún mẹ́tàdínlógún péré ni, nítorí náà ìyá àgbà gbọ́dọ̀ buwọ́ lu fọ́ọ̀mù rẹ̀ kó tó di ọjọ́ Ajé. Òfin kan ṣoṣo ni ìyá àgbà fún un: "Máa wò mí. Má tíì fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni."

Láàárọ̀ yìí, ìyá àgbà lọ wọ ère láṣọ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Zeferino wọlé, ó di ọrùn mú. Leocádia sì ti wo fídíò ọkùnrin aláṣọ funfun kan lórí fóònù nígbà mọ́kànlá, bó ṣe ń yí ọrùn èèyàn, tí onítọ̀hún á dìde tí á máa rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ ń yún un. "Ẹ dẹra, Bàbá," ni gbogbo ohun tó sọ. Ọrùn dún bí igi gbígbẹ. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Ìyá àgbà wọlé, abẹ́rẹ́ ṣì wà láàárín ètè rẹ̀. Ó wo Zeferino, ó wo ọmọ ọmọ rẹ̀, ó yọ abẹ́rẹ́ náà.

"Jókòó, Zeferino. Di ọwọ́ mi méjèèjì mú dáadáa. Ṣé òòyì ń kọ́ ọ? Ṣé ọwọ́ rẹ ń kú?"

"Rárá, Màmá."

"Ká ní bẹ́ẹ̀ ni, ilé ìwòsàn lò bá ti wà báyìí. Bọ́ bàtà."

"Ọrùn ni mo wí, Màmá."

"Mo gbọ́. Bọ́ bàtà."

Ó tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó tẹ orúnkún, ó fọwọ́ tọ ẹ̀yìn rẹ̀ lọ sókè díẹ̀díẹ̀. Ó dúró.

"Níbo lò ń sùn?"

"Nínú ilé mi ni."

Gracinda wúkọ́.

"Zeferino."

"Lórí àpò ìyẹ̀fun," ni ọkùnrin náà wí jẹ́ẹ́. "Níbi iṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

"Ó ní ọbẹ̀ ìyá òun dùn ju tèmi lọ," ni Gracinda já lù ú. "Ìyá tó ti kú lọ́dún mẹ́wàá, Màmá. Òkú ló ní kí n máa bá díje."

Ìyá àgbà fi aṣọ gbígbóná bo èjìká Zeferino, ó tẹ́ ọwọ́ sábẹ́ ìpàkọ́ rẹ̀, kò sì mi ọwọ́ náà. Ó pẹ́. Ọrùn bẹ̀rẹ̀ sí í padà, àmọ́ kò padà tán.

"Ibùsùn ló máa parí ìyókù. Gracinda, ilé ló ń sùn lónìí."

"Tó bá bẹ̀ mí."

"Mo bẹ̀ ọ́," ni Zeferino wí fún igi ólífì.

"Ibí ni mo wà."

Zeferino fi gbogbo ara yí sí i, ó sì tún un sọ.

"O ò sì gbọdọ̀ gbé ère lónìí," ni ìyá àgbà wí.

Ọdún méjìlélógún ni Zeferino ti fi ń gbé e. Ó mú bàtà rẹ̀ lọ́wọ́, kò wọ̀ ọ́, ó sì jáde. Leocádia kò lè wo ẹ̀yìn rẹ̀.

Nígbà tó yá, ó mú fọ́ọ̀mù wá. "Ìyá àgbà, ẹ má bínú. Ọjọ́ Ajé ni…"

"Nígbà tí o bi Zeferino, kí ló ní ó ṣe òun?"

"Ó di ọrùn mú…"

"Ìyẹn ni ojú rí. Nígbà tí o bi í ńkọ́?"

"Mi ò bi í."

"O mọ Zeferino láti kékeré, o ò bi í. Lọ́hùn-ún, o ò ní mọ ẹnikẹ́ni, o ò ní mọ ibi tí wọ́n ń sùn. Ẹni tí kò bá lè béèrè kò tíì tó ẹni tó ń fọwọ́ kan ara èèyàn."

Ó dá fọ́ọ̀mù padà fún un láìbuwọ́ lù ú.

"Kọ̀wé sí wọn pé ó di ọdún tó ń bọ̀. Kọ ìdí rẹ̀ sí i. Tí o bá kọ ọ́ tán, kà á fún Zeferino kí o tó fi ránṣẹ́."