Ohun Tí Ògbufọ̀ Gé Kúrò

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gé e kúrú!"

Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyí tí ọmọbìnrin náà máa sọ bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ yìí, ìyá rẹ̀ ò sì tíì kí obìnrin òṣìṣẹ́ ìjọba tó jókòó síwájú wọn tán. Wákàtí méjì ni wọ́n ti lò lórí àga onírin ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń wáṣẹ́ fúnni, tí wọ́n di ìwé nọ́ńbà mú. Nígbà tí wọ́n wá pè wọ́n, ṣe ni Ìyá ń kí obìnrin náà bí ẹni tó lọ sílé àna rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yìn ò ní dùn yín o. Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?"

Obìnrin náà wo ọmọbìnrin yìí. "Kí ni wọ́n sọ?"

"Wọ́n kí yín," ó dáhùn ní èdè ìlú náà.

Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Láti ọdún méjì tí wọ́n ti dé ìlú àjèjì yìí, òun nìkan ni ẹnu rẹ̀ yọ̀ mọ́ èdè wọn. Bàbá rẹ̀, tó jẹ́ bíríkìlà nílé, ń gbé ẹrù sínú ọkọ̀ níbí. "Bẹ́ẹ̀ ni" àti "ó tán" nìkan ló gbọ́. Nítorí náà, bí ìwé kan bá ti wọlé, "Ògbufọ̀ dà?" ni wọ́n á ké. Ọ̀rọ̀ omi, Ògbufọ̀. Ọ̀rọ̀ onílé, Ògbufọ̀. Kódà nígbà tí eyín ń dun ará ilé kejì, òun náà ló tẹ̀ lé e lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn eyín. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kí ó gbàgbé orúkọ tirẹ̀. Ó ti sú u pátápátá.

Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti pàdánù ìdánwò lórí ọ̀rọ̀ ògbufọ̀ yìí. Olùkọ́ ìṣirò ti sọ ọ́ gbangba pé bó bá di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, òdo lòun máa fún un. Aago mọ́kànlá òní ni ìdánwò kẹta. Kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni nílé.

"Iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe kí wọ́n tó dé ibí?" òṣìṣẹ́ náà béèrè.

Nígbà tí Ìyá gbọ́ ìtumọ̀ ìbéèrè yìí, ó tún ìjókòó ṣe, ó sì mí kanlẹ̀. Ògbufọ̀ mọ ìmí yẹn dáadáa. Béèrè aago mélòó ló lù lọ́wọ́ Ìyá, á kọ́kọ́ sọ ìtàn ẹni tó ra aago náà fún un.

"Agbẹ̀bí ni mí," ni Ìyá wí. "Ogún ọdún ni mo fi ṣe é. Ọmọ tí mo kọ́kọ́ gbà, ẹsẹ̀ ló bá jáde, òjò sì ń rọ̀ lọ́jọ́ náà bí ẹni pé kò ní dá mọ́. Ìyá ẹ̀ yè, ọmọ náà yè. Nígbà tó yá, nǹkan dojú rú níbi iṣẹ́ wa. Kò síná, kò sí oògùn, kò sí ìbọ̀wọ́. A kọ̀wé títí, kò séni tó dá wa lóhùn. Nínú ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, obìnrin mẹ́ta kú mọ́ mi lọ́wọ́, kò sì yẹ kí ọ̀kankan nínú wọn kú. Mo wá sọ fún bàbá ọmọ yìí pé mi ò lè máa fọwọ́ lásán gbẹ̀bí mọ́. Ohun tó lé wa kúrò nílé nìyẹn. Sọ fún un, ọmọ mi. Mo gbọ́ pé wọ́n ń gba àwọn tó bá ti ṣe é rí, wọ́n á tún wọn kọ́, wọ́n á sì fún wọn níṣẹ́. Sọ gbogbo ẹ̀."

Aago tó wà lára ògiri ti di mọ́kànlá ku ogún ìṣẹ́jú. Ògbufọ̀ kò mọ ohun tí wọ́n ń pe agbẹ̀bí lédè ìlú náà. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé, obìnrin yìí á bi í ní ìbéèrè mìíràn, Ìyá á sì tún mí kanlẹ̀.

"Wọ́n ní iṣẹ́ yòówù tẹ́ ẹ bá rí, wọ́n á ṣe é," ló sọ.

Ẹnu ya obìnrin náà. "Gbogbo ọ̀rọ̀ gígùn yẹn?"

"Bí wọ́n ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn mà."

Obìnrin náà sàmì sí fọ́ọ̀mù, ó sì pe nọ́ńbà tó kàn.

Lórí àtẹ̀gùn, Ìyá bi í pé, "Ṣé o sọ gbogbo ẹ̀?"

"Mo sọ ọ́, Màmá!" Ó ti ń sáré lọ. Ó gba méjìdínlógún nínú ogún nínú ìdánwò náà.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni lẹ́tà dé. Ìyá nu ọwọ́ rẹ̀ kí ó tó gbé e fún un. Ògbufọ̀ kà á sínú. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Iṣẹ́ tẹ́lẹ̀: kò sí." Wọ́n ní kí Ìyá lọ máa fọ aṣọ ibùsùn níbi ìfọṣọ ọsibítù. Nísàlẹ̀ lẹ́tà, wọ́n ní ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ ìlera rí ní ọjọ́ márùn-ún péré sí i láti forúkọ sílẹ̀.

Ọjọ́ márùn-ún! Ká ní ó la ẹnu lọ́jọ́ tí lẹ́tà dé yẹn, ọ̀rọ̀ ì bá ti tán.

"Kí ni wọ́n wí?" Ìyá béèrè.

"Wọ́n ti rí iṣẹ́ fún yín. Ibi ìfọṣọ ni."

"Iṣẹ́ agbẹ̀bí ńkọ́?"

"Wọn ò mẹ́nu ba ìyẹn." Ẹ̀rù ò jẹ́ kí ó sọ òótọ́.

Ìyá gba lẹ́tà náà padà. "Ó dáa náà," ni ó wí.

Báyìí ni Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí fọ aṣọ. Ọṣẹ ibẹ̀ le, ó ń bó o lọ́wọ́, àmọ́ kò ráhùn ọwọ́. Ohun tó ń sọ ni pé, "Wọ́n wo ogún ọdún mi, wọ́n ní kò tó nǹkan." Gbogbo ìgbà tó bá sọ ọ́ ni inú máa ń bí Ògbufọ̀. Ó ń kanra mọ́ àbúrò rẹ̀, ó ń kanra mọ́ ilẹ̀kùn, kí ó má bàa kanra mọ́ ara rẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, àbúrò rẹ̀ ń sunkún pé òun ò rí ìwé ìyàwòrán. Ìyá fa ìwé ńlá kan yọ láti ìsàlẹ̀ àpótí. Gbogbo ọmọ tó gbà ló kọ sínú rẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n bí wọn àti orúkọ ìyá wọn.

"Gbà, máa yàwòrán sí i," ni Ìyá wí. "Kò wúlò fún nǹkan kan mọ́."

"Màmá, ẹ má fún un!" Ògbufọ̀ já ìwé náà gbà. Ẹkún ti dé. "Èmi ni! Èmi ni mi ò sọ ọ́. Mo ní ìdánwò lọ́jọ́ yẹn. Wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé agbẹ̀bí ni yín!" Ó tú gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀, àti ti ọjọ́ márùn-ún náà, tó ti kọjá lọ tipẹ́.

"Ìdánwò," ni Ìyá wí. Ó gbé ohùn sókè. "Ìdánwò! Ṣé ẹnu ẹ wúwo ju kó o sọ fún mi lọ ni? Ǹ bá ti ní ká padà wá lọ́la! Ọ̀la ò sí ni? Mo tún bi ọ́ lórí àtẹ̀gùn!"

"Ẹ ò bi mí rí bóyá mo ní nǹkan tí mo fẹ́ ṣe, Màmá! Ògbufọ̀ lówùúrọ̀, Ògbufọ̀ lálẹ́!"

Ìyá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. "Òótọ́ ni, mi ò bi ọ́ rí," ni ó wí.

Lọ́jọ́ tí kò sí ilé ìwé, wọ́n padà sí ọ́fíìsì náà pẹ̀lú ìwé ńlá yẹn. Ìyá bẹ̀rẹ̀ láti orí ìkíni. Ògbufọ̀ túmọ̀ gbogbo rẹ̀, ti ẹ̀yìn tí kò ní dùn wọ́n, ti àwọn ọmọ, ti òjò, ti obìnrin mẹ́ta. Òṣìṣẹ́ náà ṣí ìwé yìí ní ojú ewé kan tẹ̀ lé òmíràn, ó sì kọ iṣẹ́ Ìyá sínú fọ́ọ̀mù.

"Ẹ má bínú," ó wí. "Wọ́n ti parí ìforúkọsílẹ̀ ti ọdún yìí. Ó di ọdún tó ń bọ̀."

Ọdún kan gbáko nínú ọṣẹ! Ògbufọ̀ túmọ̀ ìyẹn náà fún Ìyá.

Ìyá mi orí. "Sọ fún un pé mo dúpẹ́. Sọ pé ọmọ mi ò burú. Ẹrù àgbà ni mo gbé lé e lórí, òun náà ò sì sọ fún mi pé ó wúwo."

"Kí ni wọ́n sọ?" òṣìṣẹ́ náà béèrè.

Ì bá rọrùn láti gé ìyẹn kúrò. Ògbufọ̀ sọ gbogbo rẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí tábìlì ìjọba.

Ọjọ́ yẹn ló yé e pé ẹni tó ń gbẹnu sọ fún èèyàn di ayé onítọ̀hún mú. Bó bá rẹ̀ ẹ́, kí ó sọ pé ó rẹ òun. Bó bá sì ṣe àṣìṣe, kí ó tètè jẹ́wọ́ nígbà tí àtúnṣe ṣì wà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ Ìyá ní èdè ìlú náà. Ìyá ní ìkíni lòun fẹ́ kọ́kọ́ mọ̀.

"Màmá, àwọn ará ibí kì í kíni tó bẹ́ẹ̀!"

"Èmi ni mo fẹ́ kí wọn. Máa kọ́ mi."

Wọ́n jà lórí ìyẹn fún bí ìdajì wákàtí. Lẹ́yìn náà ni Ògbufọ̀ kọ́ ọ ní ohun tí ó ti wá ìtumọ̀ rẹ̀ kiri ilé ìwé. Ìyá fi ọwọ́ tó ti bó gbá àyà ara rẹ̀, ó sì fi èdè ìlú náà sọ ọ́ ní àsọtúnsọ títí tí kò fi ta kókó mọ́: "Agbẹ̀bí ni mí."